Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alàgbà Ọ̀rá Dúdú

Alàgbà Ọ̀rá Dúdú,

N kò lè kí yín ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, nítorí ẹni tí a jọ ń gbélé kì í gba irú ìkíni bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ pé ẹ kú ọjà, ẹ kú ẹrù rírù, ẹ sì kú àìkáàárẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ẹbí wà? Ọ̀rá funfun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di ata ńkọ́? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ńkọ́? Ọ̀rá búrẹ́dì ńkọ́, àti àbúrò yín tó lówó lọ́wọ́, èyí tí àwọn ilé ìtajà ńlá máa ń kọ orúkọ wọn sí láyà? Ọ̀wọ̀ ló ní kí n béèrè o. Mo mọ ibi tí gbogbo wọn wà. Ilé ìdáná mi ni wọ́n wà.

Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀, ìta gbangba ni mo sì ti fẹ́ sọ ọ́. Ẹ má bínú. Mo ti bá yín sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ títí, ẹ ò dá mi lóhùn, ẹ kàn ń dún pàràpàrà. Àwọn tó ń kà á pẹ̀lú wa náà ní yín nílé, nítorí náà kò sí àṣírí kankan tí mo fẹ́ tú.

Ẹni tó bá fẹ́ díbọ́n pé òun ò mọ ibùgbé yín, ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ fún un. Ìṣó kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ọ̀rá ńlá kan so rọ̀ lórí ìṣó náà. Nínú ọ̀rá ńlá yẹn, ọ̀rá wà. Nínú ọ̀rá tó wà nínú ọ̀rá náà, ọ̀rá tún wà. Bí ìyá mi bá wá kí wa láti Ìsẹ́yìn, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ wọ̀n nìyẹn kí wọ́n tó jókòó. Bó bá fúyẹ́, wọ́n á bi mí pé ta ló ń da ọ̀rá nù nínú ilé yìí. Lójú tiwọn, ọ̀rá kì í ṣe ohun ìdànù: wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ àwọn ọmọ, wọ́n á ká a ní igun mẹ́rin, wọ́n á fi í pamọ́.

Mi ò kì í ṣe abaraámóorejẹ. Bí òjò bá ká mi mọ́ títì, tí irun olówó iyebíye wà lórí, ẹ̀yin ni mo ń dé. Bí ọmọ bá ní inú ń rú òun nínú mọ́tò Ìbàdàn sí Èkó, tí gbogbo èrò ti ń wò mí, ẹ̀yin lẹ máa ń gba ìtìjú fún mi. Ẹ ti bo fóònù mi kúrò lọ́wọ́ òjò, ẹ ti gbé bàtà eléruku lọ sóde. Ẹ kú iṣẹ́ gan-an.

Ohun tó wá ń bí mi nínú ni pé ọdún gbọọrọ ni mo fi ń fi ọ̀wọ̀ àgbà wọ̀ yín. Àṣé ọmọ àná ni yín! Ní 1933 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì ní ilé iṣẹ́ ICI, ní Northwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣèèṣì bá nǹkan funfun kan tó dà bí ìda nínú ìkòkò irin tí wọ́n ti ń dán nǹkan mìíràn wò. Nǹkan funfun yẹn ni bàbá yín. Ẹ̀yin gan-an tí ẹ ní etí méjì tí a fi ń gbé yín, ní Sweden ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Sten Gustaf Thulin ti ya àwòrán yín, ọdún 1965 ni wọ́n sì fún ilé iṣẹ́ Celloplast ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí yín ní Amẹ́ríkà. Ìyá mi ti ń bá ìyá wọn ta gààrí kí wọ́n tó gé yín. Nítorí náà, láti ìlà yìí lọ, "o" ni mo máa pè ọ́. Bí ó bá dùn ọ́, lọ fẹjọ́ mi sùn ní Sweden.

Ilé ire sì ni wọ́n ti bí ọ. Ọmọ Thulin ti sọ fún àwọn oníròyìn pé bàbá òun máa ń ká ọ sínú àpò aṣọ rẹ̀ nígbà tó bá ń jáde. Igi ló fẹ́ dá sí, kí wọ́n yé gé igi nítorí àpò bébà, èrò rẹ̀ sì ni pé àlòtúnlò ni ọ́. Ìyá mi tí kò gbọ́ orúkọ Thulin rí ló ń tọ́ ọ bí bàbá rẹ ṣe fẹ́. Ta ló wá kọ́ ọ pé kí wọ́n lò ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí o fẹ̀yìn tì?

Jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí mo fi kàn ọ́ ni ti ọ̀fẹ́. Mo ra ata rodo ní ọjà Bódìjà, ìwọ̀nba tí àtẹ́lẹwọ́ gbà. Kí n tó gbójú sókè, aláta ti da ata sínú ọ̀rá funfun, ó ti so ó ní kókó, ó sì ti ju ọ̀rá funfun náà sínú ìwọ dúdú. Tòmátò, ọ̀rá mìíràn. Àlùbọ́sà tí Ọlọ́run ti fi èèpo dì wá láti oko, ọ̀rá mìíràn. Ẹja tútù gba méjì nítorí omi rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́. Bí mo bá sì ní kí wọ́n má fi ọ̀rá sí i, wọ́n á rò pé mo ń bínú sí wọn, wọ́n á máa bẹ̀ mí.

Kókó yẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ìka ò lè tú u. Eyín tàbí ọ̀bẹ là ń lò, ẹni tó bá sì fi eyín tú ọ̀rá ti ya á nìyẹn. Láti Bódìjà dé ilé mi, gbogbo iṣẹ́ tó wá ṣe láyé ti parí. Ìyá mi nìkan ló ní sùúrù láti máa fi orí abẹ́rẹ́ tú kókó ọ̀rá, mi ò sì mọ ọmọ ìsinsìnyí tó fẹ́ jogún abẹ́rẹ́ yẹn.

Ọ̀fẹ́ wo, ná? Ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ ni aláta ń fowó rà ọ́. Owó rẹ ti wà nínú ata. Gáàsì àti epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ilé iṣẹ́ ńlá kan wà ní Eleme, lẹ́bàá Port Harcourt, tó ń ṣe hóró rẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn á ra irú hóró bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi iná yọ́ ọ, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú títí yóò fi wú gbẹ̀ǹgbẹ̀ lọ sókè, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e. Ìbátan pẹtiróò ni ọ́. Gbogbo wa la mọ ohun tí pẹtiróò fi ojú wa rí láti ìparí May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀. Ìwọ nìkan ni ọmọ epo tó ṣì ń rìn káàkiri ọjà tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀fẹ́.

Kí n má gbàgbé àwọ̀ rẹ. Àwọn kan rò pé nítorí kí aládùúgbò má mọ ohun tí a rà ni o ṣe dúdú, àǹfààní tí mi ò sì kọ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tí ẹran bá wà nínú rẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó ọ̀rá àlòkù jọ tí wọ́n fẹ́ tún un yọ́, ọ̀kan á pupa, ọ̀kan á jẹ́ búlúù, ọ̀kan á ní àwòrán màlúù lára. Àwọ̀ dúdú ni wọ́n ń dà lé gbogbo rẹ̀ kí ojú wọn lè dọ́gba. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ ohun tí ìwọ tí mo gbé dání yìí ti jẹ́ rí, yálà àpò ajílẹ̀ ni o tàbí ọ̀rá bísíkíìtì. Inú rẹ ni wọ́n sì ń da ẹ̀wà gbígbóná sí fún ọmọ ilé ìwé.

Èyí ló gbé mi dé ẹ̀sùn kejì, ti ìkòkò. O lé ewé jáde nínú ìkòkò mọ́ínmọ́ín. Ewé eéran tí o gba iṣẹ́ rẹ̀, Thaumatococcus daniellii ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Abẹ́ ibòji igi ńlá nínú igbó ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ń hù. Láti ara èso pupa rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ thaumatin, ohun aládùn kan tó dùn ju ṣúgà lọ ní bí ìlọ́po 2,000 sí 3,000, tí àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ ní òkè òkun ń wá kiri. Irú ìdílé tí ewé yẹn ti wá nìyẹn. Bí a bá jẹ mọ́ínmọ́ín tán, ewúrẹ́ á lá ewé, á jẹ èyí tó bá wù ú, ilẹ̀ á sì gba ìyókù.

Ìwọ náà wá jókòó sínú omi híhó, o ní ewé ni ọ́. NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, ti kìlọ̀ fún wa pé ká yé fi ọ̀rá se mọ́ínmọ́ín, nítorí ooru ń mú kí kẹ́míkà inú rẹ bọ́ sínú oúnjẹ. Ẹ̀yìn etí ni ìkìlọ̀ yẹn gbà. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Vrije ní Amsterdam yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 22 wò, wọ́n bá ègé ike tíntìntín nínú ẹ̀jẹ̀ 17 nínú wọn, ìran tìrẹ sì wà lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Ará Netherlands nìyẹn o, àwọn tí kò jẹ mọ́ínmọ́ín ọ̀rá rí! Bí àwọn onímọ̀ náà bá fẹ́ wá yẹ tiwa wò, kí wọ́n mú igbá tó tóbi dání.

Mi ò ní torí pé mò ń bá ọ jà kí n wá purọ́ gbè sẹ́yìn ewé. Ewé ti wọ́n, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n pọ́n sì ń tán lọ. Fi ewé eéran lé ọmọ ogún ọdún lọ́wọ́ kí o wo bí ẹ̀wà lílọ̀ yóò ṣe jò dé ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ ni ewé yẹ kó gbé ipò fún. Agolo wà, abọ́ irin kékeré olómọrí wà lọ́jà. A ra abọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ń fọ̀ ọ́, mọ́ínmọ́ín inú rẹ̀ sì ń rí rọ̀bọ̀tọ̀. Òórùn ewé nìkan ni kò sí ńbẹ̀, mo sì gbà pé ìyẹn dùn mí.

Ẹ̀sùn kẹta ni olórí ẹ̀sùn, kí o fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Gbogbo ohun tó wọ ilé mi ló ní ọ̀nà tó ń gbà jáde, àfi ìwọ. Èèpo iṣu kì í dé ilẹ̀ tí ewúrẹ́ àdúgbò fi ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Omi tí a fi fọ ìrẹsì, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń lọ. Ìgò, àwọn onígò ń wá rà á. Ìkòkò tó bá jò àti fáànù tó kú, àwọn oní-kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ń pariwo rẹ̀ kiri láti òwúrọ̀. Ìwé ìṣirò àwọn ọmọ, alákàrà ń bẹ̀ mí fún un. Mo wá dúró ti ìwọ, mo ní, báwo ni ìwọ náà ṣe fẹ́ lọ?

Ṣé kí n sun ọ́ ni? Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe nìyẹn. Èédú ò gbiná, wọ́n á ju ọ̀rá méjì sábẹ́ rẹ̀, iná á dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Eéfín dúdú á gòkè, wọ́n á gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé e, ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ á máa wúkọ́. Bí o bá ń jó, o máa ń yọ́, o máa ń kán sílẹ̀ pẹ̀lú iná lórí, ẹni tí o bá ti kán sí lẹ́sẹ̀ rí mọ̀ pé o kì í tètè ṣí kúrò lára. Lórí àkìtàn ẹ̀yìn ilé ńkọ́? Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń sun ọ́ níbẹ̀, ìgbà tí gbogbo ènìyàn ti dé láti ibi iṣẹ́ tí wọ́n ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé. Wọ́n ní àyíká làwọn ń tún ṣe.

Ṣé kí n jù ọ́ sójú àgbàrá ni? Àwọn kan wà, àwọn náà ń ka lẹ́tà yìí, tó jẹ́ pé bí òjò bá ti ṣú, inú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Wọ́n á gbé ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ kan jáde, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí àgbàrá yóò fi dé, wọ́n á sì dà á lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní ó ti lọ. Ó lọ síbo? Ó lọ sí ẹnu gọ́tà ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀. Ìbàdàn mọ ìtàn yìí. Ní August 31, 1980, Odò Ògùnpa kún, ó kó ilé, ó kó ọkọ̀, ó kó ènìyàn. Ìwọ kọ́ ni mo máa di ti 1980 rù pátápátá, o ò tíì pọ̀ tó báyìí nígbà náà. Àwọn tó kọ́lé sójú odò àti àwọn tó sọ odò di ààtàn ni wọ́n jọ jẹ gbèsè yẹn. Ṣùgbọ́n ní August 26, 2011 tí òjò tún rọ̀ tí àwọn tó kú fi lé ní ọgọ́rùn-ún, o ti pọ̀. Bí wọ́n bá ń wa gọ́tà lẹ́yìn òjò, ìwọ ni ṣọ́bìrì máa ń kọ́kọ́ bá, pelebe lórí pelebe, ẹrẹ̀ láàárín.

Ṣé kí n bò ọ́ mọ́lẹ̀ ni? Mo bẹ̀ ọ́, lọ bi àwọn àgbà léèrè ohun tí ààtàn jẹ́. Orí ààtàn ni tòmátò tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ti máa ń so, níbẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀ ti ń tutù yọ̀yọ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á gbẹ́ erùpẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Láti ìgbà tí ìwọ ti dé, ààtàn ò jẹrà mọ́. Ti ọkọ́ bọ̀ ọ́, ìwọ ni yóò há sí i lẹ́nu. Omi ò lè gba ara rẹ kọjá, gbòǹgbò ò lè gba ara rẹ kọjá. Oòrùn nìkan ló lè mú ọ díẹ̀, ìyẹn náà kàn ń gé ọ sí wẹ́wẹ́ ni, kò pa ọ́.

Ó kù kí n sanwó fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. Mo ń san án. Ojú mi lo kúrò, o ò kúrò láyé. Lórí òkìtì ìdọ̀tí, àwọn tó ń ṣa nǹkan á mú irin, wọ́n á mú ìgò ike, wọ́n á mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà pàápàá nítorí ó ní olùrà, wọ́n á sì gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ. O fúyẹ́ jù lórí òṣùwọ̀n, o sì dọ̀tí jù. Ní March 2018 tí òkìtì Olúṣòsùn ní Ọjọ́ta gbiná ní Èkó, ọjọ́ púpọ̀ ni eéfín fi bo àdúgbò. Àwọn ará ibẹ̀ fi imú gba gbogbo ohun tí ìlú ti rò pé òun dà nù.

Mo kọ̀ láti mẹ́nu kan àwọn ewúrẹ́ tí ń jẹ ọ́ nítorí òórùn iyọ̀ ọbẹ̀ tó wà lára rẹ. Àwọn alápatà mọ ohun tí wọ́n ń bá nínú ikùn.

Mo mọ̀ pé ìjọba ti ń lé ọ kiri, o sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Rwanda ti fi òfin dè ọ́ láti 2008, Kenya láti August 2017. Ní Kenya, ẹni tó bá ṣe ọ́ tàbí tó kó ọ wọ̀lú lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Bẹ̀nẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, tí àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣe òfin tirẹ̀ ní December 2017. Àwa ńkọ́? Ní May 2019, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá fọwọ́ sí àbádòfin kan pé kí ẹni tó bá ń fún oníbàárà ní ọ san ìtanràn ₦500,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Àbádòfin náà kò di òfin. Mo rò pé inú ọ̀rá ni wọ́n dì í sí lọ sílé. Èkó ló gbìyànjú jù: ní January 21, 2024, Kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ àyíká, Tòkunbọ̀ Wahab, kéde pé kò gbọ́dọ̀ sí abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí mọ́, nígbà tó di July 1, 2025, òfin náà wá kan sítíróò, ṣíbí ike àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wá wo ojú títì kí ẹ sọ fún mi bóyá ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ̀.

Ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, mo ti rí i. Owó ni. Ní October 2015, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn ilé ìtajà ńlá máa gba pẹ́ńsì márùn-ún lórí ọ̀rá kan. Ní May 2021, ó di mẹ́wàá. Pẹ́ńsì mẹ́wàá péré! Àwọn ará wa ní Peckham ní London tí wọ́n ń ná owó òde bí omi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká àpò sínú àpò, wọ́n ń padà sílé láti ẹnu bọ́ọ̀sì nítorí pé wọ́n gbàgbé àpò ọjà. Bí wọ́n bá délé lọ́dún Kérésì, ní ọjà Dùgbẹ̀, àwọn kan náà ni wọ́n ń sọ pé, "Ẹ bá wa fi ọ̀rá méjì dì í, kó má baà ya." Afẹ́fẹ́ ilé ni, àbí?

Nítorí náà, mo ti mọ ibi tí a ó ti pàdé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Bí mo bá ti gbà ọ́ lọ́wọ́ aláta, o ti borí mi kí n tó délé, nítorí mo ti wo gbogbo ọ̀nà àbájáde rẹ, mi ò rí èyí tó dára níbẹ̀. Ọjà ni a ó ti jà á.

Òfin ilé mi rèé, kí o lè mọ̀. Àpò ọjà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lórí ìṣó báyìí. Ẹja ń wọ abọ́ ike olómọrí. Ẹlẹ́ja gan-an yìn mí, nítorí omi ẹja kì í kán sí i láṣọ mọ́. Epo pupa ní kẹ́gì tirẹ̀. Gààrí àti ẹ̀wà, láti inú kóńgò sínú àpò aṣọ tààrà. Ata àti tòmátò ní agbọ̀n kékeré kan, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí wọn, wọn kì í tètè rọ̀ bí ìgbà tí o ń mú wọn làágùn. Ẹ̀fọ́ ti ní okùn lára, kí ló tún fẹ́? Fún àmàlà, mo ń gbé kúlà lọ. Olóúnjẹ bi mí bóyá èmi ni mo gba iṣẹ́ ìnáwó. Búrẹ́dì nìkan ni kò gbọ́, inú rẹ ni wọ́n ti ń bí i. Ẹni tó bá gbàgbé, á sanwó sínú kóló. Àwọn ọmọ ni ọlọ́pàá, wọn kì í gba ẹ̀gúnjẹ, bàbá wọn sì ti san ju gbogbo wa lọ.

Iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀ ni ti ẹnu. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yá ju ọwọ́ aláta lọ. Èmi ti rí èyí tó ń ṣiṣẹ́: "Ẹ gba ọ̀rá yín, ẹ fi èènì rọ́pò rẹ̀." Aláta wò mí títí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ìjọ yín ló ní kí ẹ má fọwọ́ kan ọ̀rá ni?" Nígbà tó ṣírò rẹ̀ tán nínú ara rẹ̀, ó bu ata lé e. Ó jèrè ọ̀rá, mo jèrè ata, o sì fi ọwọ́ lẹ́rán.

Mo mọ èsì tí o máa fọ̀. O máa ní àpò aṣọ tí mo ń gbé kiri náà ní ẹjọ́ nílẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mi ò ní jà ọ́ níyàn. Ní 2011, Environment Agency ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìṣirò kan jáde: omi, iná àti iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe òwú pọ̀ débi pé a gbọ́dọ̀ lo àpò òwú kan nígbà 131 kí ìpalára rẹ̀ fún ojú ọjọ́ tó dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀rá kan tí a lò lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi á lo tirẹ̀ kọjá ibẹ̀, wọ́n á sì lẹ ibi tó bá ya. Àmọ́ àwọn tó ń pín àpò aṣọ níbi ìnáwó, tí wọ́n tẹ àwòrán olójọ́ ìbí sí láyà, tí àlejò kọ̀ọ̀kan sì gbé mẹ́ta lọ sílé láti fi há sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n má pe ara wọn ní olùtọ́jú ayé létí mi. Àpò tí kì í jáde kò sàn jù ọ́ lọ.

Ní ti àwọn ẹbí rẹ tó ti wà nílé mi tẹ́lẹ̀, wọn kò ní jóná, wọn kò sì ní rí àgbàrá. Wọ́n máa ṣiṣẹ́ títí ara wọn yóò fi gbó. Mo ti fa gbogbo wọn lé ìyá mi lọ́wọ́. Èyí tó ń gbé omi oògùn àti ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn, mo kí i, mo bọ̀wọ̀ fún un, kò sí nínú ìjà yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín láti òkè, mi ò ní kí ẹ lọ ra ohunkóhun. Abọ́ tó yẹ ti wà lábẹ́ tábìlì yín, àpò ìrẹsì tó ti ṣófo wà ní yàrá ẹrù. Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú un dání, ẹ tètè sọ̀rọ̀ kí aláta tó so kókó, kí ẹ sì gba èènì yín.

Èmi ni,
Ìyá ilé kan ní Ìbàdàn.